Àga Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Ààbọ̀

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò tíì lù tí Fẹsẹ̀múlẹ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà nítòsí wo ara wọn lójú, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í tètè ṣíwọ́ iṣẹ́ àfi tó bá fẹ́ lọ mutí, ọ̀nà ilé ọtí sì rèé lápá ọ̀tún. Àmọ́ apá òsì ló kọrí sí lọ́jọ́ yẹn.

"Fẹsẹ̀múlẹ̀, ṣé ọ̀nà ti yí padà ni?" ni aránṣọ tó múlé tì í bi í.

"Ọ̀nà ò yí padà. Èmi ni mo yà," ló fi dá a lóhùn, kò sì dúró. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń lọ.

Àga ni ọkùnrin yìí ń tún ṣe. Kì í kan tuntun, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn án. Ẹsẹ̀ tó yẹ̀, ìdí tó jìn, ẹ̀yìn tó ṣí, tẹ́ ẹ bá ti gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bùṣe. Tó bá parí ọ̀kan, á gbé e kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á jókòó lé e, á mi ara lẹ́ẹ̀mẹta, á wá ní, "Ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀." Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Ká má tan ara wa, ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló jẹ́ pé àga nìkan ló ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹni tó tún àga ṣe á máa fi ọwọ́ tọ́ ògiri lọ sílé.

Àwọn kan ní ikú ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀mùtí. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ó ti ń mu ún kí obìnrin náà tó kú, ọtí yẹn gan-an ló sì pa á lẹ́kún jù nígbà ayé rẹ̀. Ikú kàn mú ẹni tó ń gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀ kúrò ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ló mú un yà sápá òsì. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì ni, ìlú òkèèrè lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ó gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ oṣù márùn-ún, wá kí bàbá, ó ní òun á lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Inú Fẹsẹ̀múlẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ó gbá ilé, ó fọ kọ́tìnì, ó ní òun ò ní fẹnu kan ọtí títí wọn ó fi padà. Ó mú un dé ọjọ́ kẹrin. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó yọ́ jáde lọ mu ìwọ̀nba díẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ti Fẹsẹ̀múlẹ̀, ẹlòmíì á fi wẹ̀. Ó padà sílé, ó fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, ó fara lélẹ̀ sórí àga onírọ̀gbọ̀kú, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ òun fún òun. Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé e fún un, ó sì lọ sí ilé ìdáná.

Ibi tó ti ń kọrin fún ọmọ ló ti sùn lọ. Ọmọ yọ̀ lórí itan rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ló gbà á, ọpẹ́ ni. Ọmọ figbe ta, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi fẹ́ há. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sáré dé, ó bá ọmọ nílẹ̀ tó ń ké, ó bá bàbá lórí àga tó ń hanrun.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kì í ṣe pé ọmọ ṣubú ló dun obìnrin yẹn jù. Ọmọ wo ni kì í ṣubú? Ohun tó dùn ún wọra ni pé ọmọ ń ké lẹ́sẹ̀ bàbá òun, bàbá òun ò sì jí.

Ó gbé ọmọ dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí nǹkan kan. Ara ògiri ibẹ̀ ni obìnrin náà ti rí ìwé kan, ó da ohun tó wà lára rẹ̀ kọ, ó sì gbé e síwájú bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí ojú bàbá ti wálẹ̀.

"Bàbá, mo bínú. Mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn èèyàn kan wà níbí tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ọtí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń pàdé, ní agogo márùn-ún. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e lèmi ń lọ. Tẹ́ ẹ bá jókòó láàárín wọn, tẹ́ ẹ sì fẹnu ara yín sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe, màá gbé ọmọ fún yín kí n tó lọ. Tẹ́ ò bá lọ, orí fóònù lẹ ó ti máa rí i."

Láti òwúrọ̀ yẹn, kò fẹnu kan ọtí. Oorun ò kun ojú rẹ̀, òógùn ń bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ife omi ò ṣeé gbé dẹ́nu láìdà. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń fi ojú nọ́ọ̀sì ṣọ́ ọ, ó ń fún un lómi mu, ó ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ọ̀rọ̀ nìkan ni kì í bá a sọ. Ọmọ á máa rẹ́rìn-ín nínú yàrá kejì, bàbá àgbà á máa gbọ́ ọ, ògiri á sì wà láàárín wọn. Ìyẹn le ju òógùn lọ.

Òun rèé tó ń fi ẹsẹ̀ rìn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, tó di ìwé yẹn mú bí ẹni pé atẹ́gùn fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé ibi tí ìwé júwe, gbọ̀ngàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Dípò àwọn tó ń ṣèpàdé, agolo ọ̀dà ló bá níbẹ̀, wọ́n tò ó kan àjà. Obìnrin kan ń po ọ̀dà nínú ike, èékánná rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ́ àwọ̀ mẹ́wàá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpàdé kan ni mò ń wá."

"Ìpàdé wo?"

"Ìpàdé... àwọn èèyàn kan."

"Ìpàdé àwọn èèyàn kan," ni obìnrin náà tún sọ. "Ó dáa tí kì í bá ṣe ti ewúrẹ́. Ṣé àwọn ọ̀mùtí?"

Ohùn rẹ̀ ròkè dáadáa. Àwọn méjì tó wá ra ọ̀dà bojú wẹ̀yìn. Ká ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, Fẹsẹ̀múlẹ̀ á ti ní rárá, ìpàdé àwọn onílé ni òun ń wá, á sì ti gba ibẹ̀ wọ ilé ọtí tó bá kọ́kọ́ rí. Ara rẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí. Ó rántí ẹ̀rín inú yàrá kejì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá," ló wí. "Àwọn ni mò ń wá. Ọ̀kan nínú wọn ni mí."

Obìnrin ọlọ́dà wò ó, ó sì fi igi tó fi ń po ọ̀dà sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ má bínú. Wọ́n ti kó kúrò níbí tipẹ́, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n kó lọ. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára ìwé yín."

Ó pè é. Ọkùnrin kan gbé e, ẹ̀rọ kan ń kùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Onígbàjámọ̀ ni mí, orí kan ṣẹ́ kù tí mò ń gẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ máa bọ̀. Òpópónà tó wà lẹ́yìn pósí-ọ́físì. Ilé alájà kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé nísàlẹ̀, ẹ gba àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́. Ẹ máa rí i lẹ́nu ọ̀nà. Tẹ́ ò bá sì rí i..."

Fóònù kú. Kò fi í sórí iná láti àná. Ta ló ń rántí fóònù nígbà tí gbogbo ara ń gbọ̀n? Ó kì í bọ àpò, ó ya ọ̀nà pósí-ọ́físì.

Ó dé òpópónà náà nígbà tí agogo márùn-ún ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó rí ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ ń dún gùdùgùdù nínú rẹ̀. Ó rí àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́. Ó tún rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un: ilé ọtí kan wà lódìkejì, ó dojú kọ àtẹ̀gùn yẹn gan-an, kọ́tìnì pupa wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí wọn ò fi wá ibòmíì gbà. Yàrá tí wọ́n rí nìyẹn. Ẹni tó ń sá fún ọtí, ibo ni yóò sá dé tí kò ní bá a níbẹ̀?

Pátákó orúkọ ló ń wá. Wọ́n ní á rí i lẹ́nu ọ̀nà, kí ni èèyàn tún ń rí lẹ́nu ọ̀nà bí kò ṣe pátákó? Ó ka pátákó ilé ìtẹ̀wé. Ó ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nípa ajá tó sọnù. Ó rìn dé ìpẹ̀kun òpópónà, ó padà, ó tún lọ, ó tún padà. Kò sí pátákó ìpàdé kankan, kò sì fẹ́ já wọ ilé onílé lókè. Ohun kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn náà ni àga onípákó kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ń mì bí eyín àgbà.

Kọ́tìnì pupa fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òórùn tó mọ̀ dunjú jáde síta. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ibẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí kò ní ìṣòro kankan láyé. Fẹsẹ̀múlẹ̀ mọ ara rẹ̀. Tó bá dúró lásán fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e wọlé láìgbàṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ fún ọwọ́ rẹ̀ níṣẹ́.

Ó wo àga yẹn. Ẹnì kan ti fi wáyà di ẹsẹ̀ tó yẹ̀, ó fi wé e bí ẹni di ẹrù, iṣẹ́ játijàti. Fẹsẹ̀múlẹ̀ pòṣé. Ó nawọ́ kan ilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀wé, ó béèrè pé ta ló ni ín. Ariwo ẹ̀rọ gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó ní tí kò bá ti ní olówó, a jẹ́ pé wọ́n ti gbé e dà nù. Ó gbé e sọdá sábẹ́ ìbòòji ògiri ilé ọtí, torí ibẹ̀ nìkan ni pèpéle wà tó ṣeé kan ìṣó lé, ó sì kọjú sí àtẹ̀gùn. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá ti gòkè, òun á tẹ̀ lé e. Ọgbọ́n ńlá ló pè é.

Ó tú wáyà sọ nù. Ó dojú àga délẹ̀. Ihò tí ẹsẹ̀ wọ̀ ti fẹ̀ jù. Ó fi ọ̀bẹ gé igi pẹlẹbẹ kan, ó fi gọ́ọ̀mù pa á, ó kì í bọ ihò, ó mú òòlù kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a wọlé. Ó fi òòlù gbá àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó jáwọ́ díẹ̀, ó tún tẹ̀ síwájú.

Ọkùnrin kan tó dé fìlà dé iwájú àtẹ̀gùn. Fẹsẹ̀múlẹ̀ gbé orí sókè. Onífìlà wo ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó wo òkè, ó tún wo ilẹ̀, ó sì yí padà. Kò pẹ́, ọ̀dọ́kùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ dé. Òun náà wo ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

"Kí ló ń ṣe àwọn èèyàn òpópónà yìí?" ni Fẹsẹ̀múlẹ̀ bi ara rẹ̀. "Ṣé ilẹ̀ ni wọ́n wá kà?"

Obìnrin kan dé. Tíṣà ni, ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ tó mọ̀: ẹfun wà létí aṣọ rẹ̀, ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé kún báàgì tó gbé dání. Ó wo ẹnu àtẹ̀gùn, ó sì dúró. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo òpópónà sókè sódò, ó dúró pẹ́ ju àwọn tó ṣáájú lọ, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ó wá sọdá tìtì. Ó kọjá lára Fẹsẹ̀múlẹ̀ láìwò ó, ó lọ dúró síwájú kọ́tìnì pupa, ó sì fọwọ́ kàn án.

Ọwọ́ náà ń gbọ̀n.

Fẹsẹ̀múlẹ̀ mọ ọwọ́ yẹn. Ó ti gbé irú rẹ̀ kiri láti ọjọ́ mẹ́rin. Kò mọ obìnrin náà rí, kò sì sí ohun tó kàn án nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dìde, òòlù lọ́wọ́ kan, àga lọ́wọ́ kejì, ó sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má wọbẹ̀. Èmi náà ti ń fẹ́ wọbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí. Ìpàdé kan ni mò ń wá, ìpàdé àwọn tí wọ́n fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọtí. Mi ò rí i. Ẹ bá mi wá a ná."

Tíṣà yíjú padà. Kò wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Níbo lẹ ti rí àga yẹn?"

"Wọ́n gbé e dà nù sọ́hùn-ún ni. Mo ní kí n bá wọn tún un ṣe."

"Wọn ò gbé e dà nù. Àmì wa ni. Tó bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ìpàdé wà. Tí kò bá sí, kí kálukú máa lọ sílé. Láti àná ni mo ti ń ka wákàtí. Mo dé, mi ò rí àga. Mo ní ó tán."

Ojú ti Fẹsẹ̀múlẹ̀ débi pé ká ní ilẹ̀ lanu, á wọlé. Ọkùnrin onífìlà. Ọ̀dọ́kùnrin oníkẹ̀kẹ́. Òun jókòó níbẹ̀, ó gbé àmì ọ̀nà wọn sórí itan, ó ń kan ìṣó mọ́ ọn, ó sì ń bú wọn pé ilẹ̀ ni wọ́n ń kà.

"Ẹni méjì ti padà," ló wí. "Ẹ gbà, ẹ gbé e padà síbẹ̀. Ẹ dúró tì í. Ẹ má kúrò níbẹ̀."

Ó sáré. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin ọlọ́gọ́ta ọdún tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́rin, tó ń sáré pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ tó ń dún woroworo. Ó bá onífìlà ní ìkóríta, ó ti na ọwọ́ sí ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ padà. Ìpàdé wà."

Onífìlà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìpàdé wo? Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni mo jí àga gbé," ni Fẹsẹ̀múlẹ̀ wí, èémí rẹ̀ ń fò sókè. "Mi ò mọ̀. Iṣẹ́ mi ni. Ẹ padà, ẹ máa bú mi lójú ọ̀nà."

Onífìlà bú u lójú ọ̀nà lóòótọ́, kò sì dákẹ́ títí wọ́n fi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Tíṣà wà níbẹ̀, ó gbá ẹ̀yìn àga mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni pé kíláàsì tó ń pariwo ló wà níwájú rẹ̀. Kò wo apá ibi tí kọ́tìnì wà. Wọ́n wá oníkẹ̀kẹ́ títí, wọn ò rí i.

Yàrá òkè kò tóbi. Àga ike méje ló wà níbẹ̀, wọ́n tò ó yípo, onígbàjámọ̀ sì dá jókòó sórí ọ̀kan, irun àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó dìde fùú.

"Mo gbé àga síta, mo wọlé, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni," ló wí. "Ọdún mẹ́ta nìyí, kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ó ti parí, èmi nìkan ló kù."

Wọ́n ṣàlàyé fún un. Onígbàjámọ̀ fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó wá mú fóònù, ó pe oníkẹ̀kẹ́. Kò gbé e. Ó tún pè é. Kò gbé e. Ẹ̀rín kásẹ̀ nílẹ̀.

"Màá yà nílé rẹ̀ tá a bá parí," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Onífìlà sọ tirẹ̀, Tíṣà sọ tirẹ̀, mi ò sì ní tún un sọ níbí torí pé inú yàrá yẹn ni wọ́n fi í sí. Ó kan Fẹsẹ̀múlẹ̀. Ó ti tò ó sẹ́nu láti ilé: ikú ìyàwó, iṣẹ́ tó le, àwọn ọ̀rẹ́ tí kò dáa. Nígbà tó la ẹnu, kò rí ọ̀kankan sọ nínú wọn.

"Ọmọ ọmọ mi bọ́ lọ́wọ́ mi," ló wí. "Ó ń ké lẹ́sẹ̀ mi. Mi ò gbọ́. Ẹlòmíì ló sọ fún mi pé ó ké." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Mo sì ní mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Mo mutí, mo gbé e, mi ò sì gbọ́ ẹkún rẹ̀."

Kò sí ẹni tó ní kó má sọkún. Kò sí ẹni tó ní kò burú. Onígbàjámọ̀ kàn mi orí, ó ní, "A gbọ́ ọ."

Nígbà tí ìpàdé parí tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, onígbàjámọ̀ gbé àga wò. Ó tẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ sápá òsì. Kò mì.

"Ẹ ti bà á jẹ́," ló wí.

"Mo tún un ṣe ni. Taa ló fi wáyà yẹn dì í, ná?"

"Èmi ni."

"Ẹ máa gẹrun," ni Fẹsẹ̀múlẹ̀ wí. "Ẹ fi àga sílẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ná. Ìdí tá a fi ń lo èyí tó bàjẹ́ ni pé kò sí ẹni tó máa jí i. A gbé èyí tó dáa síta lọ́jọ́ kan, a ò tíì jókòó tán lókè tí wọ́n fi gbé e lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ yìí ti ń dúró níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ ẹ. Ní báyìí tó ti ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí la ó gbé síta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

Fẹsẹ̀múlẹ̀ fọwọ́ lẹ́rán. "Ọ̀rọ̀ àga tó bàjẹ́ kọ́ ló máa dùn wá. Ṣọ́ọ̀bù mi kún fún un. Màá gbé ọ̀kan wá."

"Ṣé ẹ ò ní tún un ṣe lójú ọ̀nà?" ni Tíṣà béèrè, ìyẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rín wá sójú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Mi ò ní tún un ṣe."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì," ni onífìlà wí.

"Mo ní mi ò ní tún un ṣe. Agogo márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, yóò ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

Wọ́n ní kó gbé èyí tó tún ṣe lọ sílé, kí wọ́n jọ pààrọ̀. Ó gbé e lé èjìká, ó gba iwájú kọ́tìnì pupa kọjá. Kí n má purọ́, ó tún wù ú kó wọlé. Ṣùgbọ́n àga wà léjìká rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló sì fi dì í mú.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ń ká aṣọ ọmọ nínú pálọ̀ nígbà tó wọlé. Ọmọ wà lórí àga onírọ̀gbọ̀kú, wọ́n fi ìrọ̀rí sé e yípo. Obìnrin náà wo bàbá rẹ̀, ó wo àga èjìká rẹ̀. Ó súnmọ́ ọn, ó gbọ́ òórùn gọ́ọ̀mù àti òógùn. Kò gbọ́ òórùn míì.

"Mo lọ," ni Fẹsẹ̀múlẹ̀ wí. "Mo sọ ọ́ fún wọn."

"Ẹ sọ kí ni?"

"Pé ó ń ké, mi ò gbọ́."

Fẹsẹ̀múlẹ̀ gbé àga kalẹ̀, ó jókòó lé e, ó mi ara lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe máa ń ṣe. Ó ku gbólóhùn yẹn, "Ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀." Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró kó sọ ọ́, torí pé láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ. Kò sọ ọ́.

Obìnrin náà lọ gbé ọmọ, ó gbé e bọ̀. Ọmọ ti ń na apá, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ojú bàbá àgbà kún fún omi, ó na ọwọ́, ó sì wo ọwọ́ náà, ó fà á sẹ́yìn.

"Dúró ná," ló wí. "Ó ṣì ń gbọ̀n. Jókòó tì mí. Gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, kí ìwọ náà di ẹ̀yìn rẹ̀ mú."

Ọmọbìnrin rẹ̀ fa àpótí kan, ó jókòó tì í. Ó ti tó ọdún méje tí bàbá rẹ̀ ti sọ fún un gbẹ̀yìn pé ohun kan wà tí òun ò lè dá ṣe.

"Bàbá, tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, mi ò ní sí níbí tí màá fi ṣọ́ yín."

"Má ṣọ́ mi. Ọ̀dọ̀ mi ni àga tó jẹ́ àmì ìpàdé wọn ti máa wá. Tí mi ò bá gbé e débẹ̀, wọn á dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọn á sì padà. Ẹnì kan ti padà lónìí nítorí mi. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ọmọ gbá àtàǹpàkò bàbá àgbà mú, èyí tí òòlù bà, ó fẹ́ kì í bọ ẹnu, kò rí i kì bọnu, ó sì bú sẹ́kún.

"Mo gbọ́ ọ," ni Fẹsẹ̀múlẹ̀ wí. "Mo gbọ́ ọ."